Ìpadàbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò: bí a ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay

Èèyàn lè gbé Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má mọ̀ pé etíkun kan wà tó dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́nu ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Apapa gan-an. Tarkwa Bay lorúkọ rẹ̀. Láti Bonny Camp ní Victoria Island, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé kì í sábà lò ju ìdajì wákàtí lọ kó tó débẹ̀. Àmọ́ danfo ò débẹ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ò débẹ̀, kò sì sí afárá. Omi nìkan lọ̀nà. Ohun tó jẹ́ kó dákẹ́ nìyẹn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ẹni tí kò múra sílẹ̀ há síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ro ti aṣọ ìwẹ̀ tàbí ti ẹja yíyan, ẹ mú aago tí ẹ fẹ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá máa ka wákàtí bọ̀ sẹ́yìn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo fara mọ́, pàápàá fún ẹni tó bá kó ọmọ dání. Ọkọ̀ tó gbéra ní aago mẹ́rin á gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ́ńjìnnì bá tiẹ̀ kú lójú ọ̀nà, ojúmọmọ á ṣì wà tí ọkọ̀ mìíràn á fi rí yín. Òfin ò fàyè gba kí ọkọ̀ èrò máa rìn lórí omi Èkó lálẹ́, kápútéènì tó bá sì sọ pé kò sóhun tó burú níbẹ̀, ẹ má bá a lọ.

Irú ibi tó jẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní erékùṣù. Àmọ́ ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó gùn lọ sí ìhà Badagry, òkun wà níwájú rẹ̀, omi Badagry wà lẹ́yìn rẹ̀. Tarkwa Bay wà ní ìparí ilẹ̀ yẹn, ní ọwọ́ Èkó.

Ọwọ́ èèyàn wà nínú bí omi ibẹ̀ ṣe rọlẹ̀ tó. Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn tó wà lábẹ́ omi lẹ́nu òkun kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ Èkó. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba àwọn òyìnbó kó òkúta ràbàtà sínú òkun, wọ́n fi ṣe ògiri gígùn lápá ìlà oòrùn àti lápá ìwọ̀ oòrùn ẹnu ọ̀nà náà, kí omi lè máa ṣàn gba ojú kan, kí ọ̀nà sì jìn. Ẹ̀yìn ògiri òkúta yẹn ni Tarkwa Bay fi ara pamọ́ sí. Ìgbì òkun á ti fọ́ mọ́ òkúta kó tó wọlé, èyí tó bá sì kù ò lágbára mọ́.

Ògiri kan náà ló bá Bar Beach, etíkun Victoria Island, jẹ́. Iyanrìn etíkun wa máa ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ìgbì ló ń gbé e lọ. Nígbà tí òkúta dí i lọ́nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, ibi tí Lighthouse Beach wà lónìí, òkun wá ń jẹ ilẹ̀ Victoria Island nìṣó lápá kejì. Ilẹ̀ tí òkun gbé lọ yẹn ni wọ́n ń fi iyanrìn dí padà tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Bí ọkọ̀ yín bá ń jáde lọ, ẹ máa rí i ní ọwọ́ òsì.

Ohun tí èyí já sí fún ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ni pé ojú omi méjì ló wà níbẹ̀. Inú Tarkwa Bay rọlẹ̀, ọmọdé lè ṣeré létí rẹ̀ bí àgbàlagbà bá dúró tì í. Ẹ rìn díẹ̀ gba orí iyanrìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó já sí Lighthouse Beach, níbi tí kò ti sí ohunkóhun láàárín yín àti òkun ńlá. Ibẹ̀ dára fún ìrìn àti fún wíwo omi. Kò dára fún wíwẹ̀.

Ọjọ́ wo ni ká lọ?

Bó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lẹ ń wá, ẹ lọ láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, orin á máa dún láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ti ọjọ́ ọdún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà Àjíǹde, nígbà Iléyá, lọ́jọ́ kejì Kérésì, ká wulẹ̀ dúró sílé ló dáa jù, torí èrò tó bá lọ lówùúrọ̀ ní oríṣiríṣi ìgbà ló máa fẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà nírọ̀lẹ́. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó èrò kún ọkọ̀ kọjá bó ṣe yẹ.

Ní ti oṣù, oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni omi òkun máa ń rọlẹ̀ jù. Ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní: kùrukùru máa ń bo ojú omi láàárọ̀. Bí ẹ bá dúró sí èbúté tí ẹ ò rí òdìkejì, ẹ jókòó, ẹ ra àkàrà, kí oòrùn kọ́kọ́ ká a kúrò. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá, ìgbì ńlá máa ń ti ìhà gúúsù wá. Àsìkò yẹn ni àwọn ọmọ tó ń fi pákó gun ìgbì fẹ́ràn jù, Tarkwa Bay sì lókìkí fún eré yẹn. Ẹni tí kò bá mọ omi dáadáa ṣì lè lọ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kó yan ọjọ́ tí òjò ò ṣú. Bí ààrá bá sán lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ sún ìrìn náà sí ọjọ́ mìíràn.

Omi ń kún, omi ń fà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò ni kò mọ̀ pé ó kàn wọ́n.

Lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ni òkun máa ń kún wọ inú ọ̀sà, tá á sì tún fà padà síta. Gbogbo omi ọ̀sà Èkó, tòun ti èyí tí odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń dà sínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà tí ọkọ̀ yín fẹ́ gbà ló ń gbà jáde. Bí omi bá ń fà jáde tí ìgbì sì ń ti òkun bọ̀, àwọn méjèèjì á kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Omi ibẹ̀ á dìde ṣóńṣó ṣóńṣó, ọkọ̀ kékeré á máa fò, á máa balẹ̀ gbì. Ó máa ń le jù ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò ti kún odò tí omi ọ̀sà sì ti pọ́n. Ó tún máa ń le nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá yọ kíkún, torí àsìkò yẹn ni òkun ń kún jù tó sì ń fà jù.

Ẹ fi fóònù wo aago tí omi máa kún ní Èkó lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ kọ “Lagos tide” sí Google, á gbé e jáde. Lójoojúmọ́ ló máa ń sún síwájú ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú: bó bá kún ní aago mẹ́jọ òní, ti ọ̀la á sún mọ́ aago mẹ́sàn-án. Ẹ gbìyànjú kó jẹ́ pé ìgbà tí omi ń kún tàbí ìgbà tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí aago méjèèjì ò bá bára mu, ẹ jẹ́ kí ti ìpadàbọ̀ borí, torí ìrọ̀lẹ́ ni ara máa ń rẹ èèyàn, ìrọ̀lẹ́ náà sì ni atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ jù. Kápútéènì tó mọṣẹ́ á ti mọ gbogbo èyí lórí. Ẹ bi í. “Omi ń kún ni àbí ó ń fà?” Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀mí yín lé lọ́wọ́.

Èbúté àti ìdúnàádúrà

Èbúté Mekwe, lẹ́bàá Bonny Camp, lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Èbúté Tarzan ní Maroko náà wà, ìyẹn rọrùn fún ará Lekki. Ẹni tó bá ti Ọ̀yìngbò tàbí Yábàá bọ̀ lè sọ̀ ní CMS, kó wọkọ̀ ní Marina. Èbúté tí ìjọba mọ̀ sí ni kí ẹ lò. Àjọ LASWA, tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008, àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ló ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi. Níbi tó bá létò, wọ́n á kọ orúkọ èrò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ má kùn sí i, ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà ẹni tó wà nílé. Ìwé yẹn ni wọ́n máa fi mọ iye èèyàn tí wọ́n máa wá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ká má rí i.

Owó ò dúró sójú kan, epo bẹntiróòlù ló ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ méjì ó kéré tán. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ gba odidi ọkọ̀. Ó máa ń sàn ju kí ẹ máa dúró de èrò. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà là ń lọ sí Tarkwa Bay. Èló ni lílọ àti bíbọ̀?”

Bí ó bá ti dárúkọ owó, tí ẹ sì ti ná an díẹ̀:

“Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá gbé wa, àbí ẹlòmíì? Aago mẹ́rin la fẹ́ gbéra níbẹ̀ o. Ẹ gba ìdajì owó báyìí. Ìyókù di ìgbà tí a bá padà tẹ ilẹ̀ èbúté yìí.”

Ìdajì owó tó kù lọ́wọ́ yín ló máa rán an létí wá ní aago mẹ́rin. Ẹ má san gbogbo owó tán lówùúrọ̀, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ pè é lójú rẹ̀ kí ẹ gbọ́ kó dún, kí ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Ẹ ní kó fi epo tó wà nílẹ̀ hàn yín. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì kejì wà, tàbí àjẹ̀ ó kéré tán.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì

Òfin ni pé kí gbogbo èrò wọ̀ ọ́, ọmọdé àtàgbà. Àmọ́ kí á wọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí kí á gbé e kọ́rùn. Ẹ mú èyí tí wọ́n bá fún yín, ẹ tẹ fóòmù inú rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Bó bá wọlé tí kò jáde mọ́, tàbí tó ń run bíi pé nǹkan ti jẹrà nínú rẹ̀, ó ti gbó, ẹ gba òmíràn. Ẹ wo ìkọ́ tó ń so okùn rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti já tí wọ́n kàn fi okùn so. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́ tán, kí ẹnì kejì yín di èjìká rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì kó fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí yín, ẹ̀yin á rì, òun á léfòó. Ó gbọ́dọ̀ di ara mú bí ọ̀já ṣe ń di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Ti ọmọdé ló nira jù. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní èyí tó mọ ọmọ lára, ti àgbàlagbà á sì yọ́ bọ́ lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́ta kíákíá. Bí ẹ bá fẹ́ kó ọmọ lọ, ẹ ra tirẹ̀, ẹ gbé e ti ilé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀já pọn ọmọ nínú ọkọ̀ kí ẹ tún wá wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Ẹ gbé e síwájú, kí òun náà wọ tirẹ̀.

Lójú omi

Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ má fò, ẹ má tẹ etí ọkọ̀. Ẹ na ọwọ́ sí ọmọ ọkọ̀, kí ẹ tẹ àárín gbùngbùn, kí ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ló máa ń gbọ̀n jù. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, àgbàlagbà àti ọmọdé, kí wọ́n jókòó sápá ẹ̀yìn, kí wọ́n fara mọ́ ọn pé omi á ta sí wọn lára. Ní ti aláboyún, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn kó lọ rárá. Fóònù àti owó, inú láílọ́ọ̀nù méjì tí a di lẹ́nu ṣinṣin ni kí wọ́n wà.

Bó bá jẹ́ Mekwe lẹ ti gbéra, ọkọ̀ á kọ́kọ́ tọ omi Five Cowrie lọ sí ìwọ̀ oòrùn, á wá já sójú omi gbòòrò tí wọ́n ń pè ní Commodore Channel. Ẹ ó rí àwọn kireni Apapa níwájú. Ibẹ̀ ni á ti yà sí òsì, tá á dojú kọ òkun. Ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá lẹ wà yẹn o, ọkọ̀ ńlá ò sì lè dá dúró lójijì. Bí ọ̀kan bá kọjá, ìgbì á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kápútéènì tó dáa á dín eré kù, á fi imú ọkọ̀ gba ìgbì náà ní ìdábùú díẹ̀. Bí tiyín bá ń sáré bọ̀ ọ́, ẹ ké sí i pé kó rọra. Owó yín lẹ san, ẹ ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lásìkò òjò, koríko ojú omi máa ń bo ọ̀sà, á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kápútéènì á ní láti dúró kó tú u kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má dìde wò ó, kí gbogbo èrò má sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ má ya fọ́tò ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi, ẹ má sì ya èbúté epo Atlas Cove tó wà nítòsí ibẹ̀. Láti Atlas Cove ni páìpù epo ti ń lọ sí Mosimi lẹ́bàá Ṣàgámù, ẹ̀ṣọ́ sì pọ̀ lórí rẹ̀. Nítorí àwọn tó ń bẹ́ páìpù yẹn ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ṣe sọ pé àwọn lé ará Tarkwa Bay kúrò ní oṣù Kìíní 2020. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló pàdánù ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí kò mọ nǹkan kan nípa epo. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ bá ẹni tó ń ta àgbọn tàbí tó ń háyà ìjókòó, ẹ kí i dáadáa. Ẹ má ná an bí ẹni tó fẹ́ já a sí ìhòòhò.

Ní èbúté Tarkwa Bay, ẹ dúró kí kápútéènì sọ pé ó yá. Láàárín ìgbì kan sí ìkejì ni a ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ má bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì wà.

Lórí iyanrìn

Ẹ san owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ bèèrè ohun tó kárí. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé POS. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹja àpò tàbí kúta yíyan, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń dán, ẹ sì fẹnu kò lórí owó kí ó tó kan iná. Omi mímu, ẹ gbé e ti ilé lọ, kó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ẹ nílò, torí oòrùn ọ̀sán máa ń mú níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń wẹ̀, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀. Bí omi bá ń fà yín síta, ẹ má bá a jà, ẹ má gbìyànjú láti wẹ̀ tààrà padà sí etí omi. Ẹ máa wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa tọ etíkun lọ, títí omi náà á fi tú yín sílẹ̀, kí ẹ tó wá kọrí sí ilẹ̀. Ẹ má wẹ̀ lẹ́bàá ògiri òkúta, ẹ má sì mutí kí ẹ tó wọ omi. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767.

Láílọ́ọ̀nù piọ wọ́tà, ìgò àti abọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà. Ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù láti oṣù Kìíní 2024, nítorí náà ẹ gbé kúlà oúnjẹ lọ. Kò sí mọ́tò tó ń kó ìdọ̀tí níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀, òkun ló máa gbé e.

Wákàtí tó kẹ́yìn

Ní aago mẹ́ta, ẹ pe kápútéènì. Bí kò bá gbé e, ẹ tún pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá tún gbé e, ẹ lọ bá àwọn tó ń darí ọkọ̀ létí omi kí wọ́n bá yín wá òmíràn nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀. Ẹ má jókòó kí ẹ máa sọ pé á dé. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, kí gbogbo ọmọ ti jáde nínú omi, kí wọ́n ti wọ aṣọ gbígbẹ, kí ẹ sì ka orí. Bí ọkọ̀ tó wá gbé yín bá ti ní èrò kún inú rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kí wọ́n pariwo tó pé ẹ sún díẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tún di wíwọ̀, kí ẹnì kejì yín tún fà á sókè wò.

Bí ẹ bá ti tẹ ilẹ̀ Mekwe, ẹ ka orí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fún kápútéènì ní ìyókù owó rẹ̀ pẹ̀lú ìdúpẹ́, kí ẹ sì pe ẹni tí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lówùúrọ̀ pé ẹ ti dé.